Ìborùn Tí Mo Fi Ń Di Ojú

Aṣọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìborùn aláwọ̀ búlúù ni, ti ìyá mi, èyí tí wọ́n máa ń gbé lé èjìká lọ sí ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí ẹsẹ̀ wọn tó kú. Mo ti fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, òórùn àtíkè wọn ò kúrò lára rẹ̀. Bí mo bá ń wẹ̀, tí mo di ojú nítorí ọṣẹ, ohùn wọn a jáde láti inú òkùnkùn yẹn, jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́: "Ọkọ mi, ojú rẹ ńkọ́?" Ní báyìí, mo máa ń la ojú sílẹ̀ wẹ̀ ni. Ọṣẹ ń ta mí. Mo fara mọ́ ọn.

Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, mo sì fẹ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn tó jẹ̀bi nínú ẹ̀ pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀bi ẹnì kan bọ́ sọ́rùn ẹlòmíràn. Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòsì ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Tíṣà ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kétu kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá wa ti kú tipẹ́. Ọmọ mẹ́ta la jẹ́: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ wọn ní Gbàgádà, èmi, àti àbúrò mi ọkùnrin, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Ìṣẹrì Olówóòra. Èmi nìkan ni mi ò tíì gbéyàwó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú, Mọ́mì sáré lọ ká aṣọ lórí okùn, wọ́n sì yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Eegun ẹ̀yìn wọn ṣẹ́. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, wọn ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ẹ lè fi abẹ́rẹ́ gún wọn nítan, wọn á kàn máa bá yín tàkúrọ̀sọ lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́ wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé láti ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti fi sùn lórí bẹ́ǹṣì ńbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yà wá láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàtà gíga lẹ́sẹ̀, káàdì ọ́fíìsì lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì kan jáde sí wa, fáìlì lọ́wọ́.

"Ta ló máa tọ́jú Màmá nílé?"

"Èmi ni, Mà," mo ní.

Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Mo ní, obìnrin wo ló máa tọ́jú wọn?"

"Èmi náà ni, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ́ńkù, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á fún yín lérè. Ẹ bá wa gbé ẹrù lọ sínú mọ́tò. Àǹtí, ẹ̀yin ẹ máa bọ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ obìnrin ni."

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi gbé ẹrù. Èmi tí mo mọ aago tí Mọ́mì ń lo oògùn kọ̀ọ̀kan, tí mo mọ apá tí wọ́n ń fẹ́ sùn sí, èmi ni mo di alábàárù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn.

"Wọ́n ní kí Mọ́mì máa jẹun dáadáa, kí wọ́n sì máa mu omi. Jẹ́ kí n máa lọ, ọ̀gá mi á ti máa wá mi."

Ohun yòókù tí wọ́n sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀bi kejì ni ti ìpàdé ẹbí, tí a ṣe ní páálọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun náà ni Mọ́mì, ṣùgbọ́n ìyàwó òun ní ilé tirẹ̀, kò lè máa sùn níta. Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba, wọ́n ń wo èékánná ọwọ́ wọn. Ni àbúrò mi bá yanjú ọ̀rọ̀.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ fẹ́yàwó. Kí ìyàwó ṣáà ti wà nílé, wàhálà ti tán."

"Kí n fẹ́ ìyàwó kó lè wá máa nu ìdí ìyá wa?"

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí ìyá ọkọ ẹ̀ ni."

"Ìyàwó tìrẹ náà ní ìyá ọkọ. Ìyá ọkọ ẹ̀ ló wà nínú yàrá yẹn."

"Ìyàwó mi lóyún."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ò lóyún."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni wọ́n pè é. Àbúrò mi fọwọ́ gbá àyà, ó ní, "Èmi? Odidi ọkùnrin?" Ó gbàgbé pé odidi ọkùnrin ni ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

Mọ́mì kígbe láti inú yàrá: "Ṣé ẹ ti ń fẹ́ ìyàwó fún mi ńbẹ̀ yẹn ni? Ẹ kúkú wá bi mí bóyá mo fẹ́!"

Wọn ò fi mọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwọn ìyá ìjọ mú ọmọbìnrin kan wá kí wa, ọmọlúàbí, ó kúnlẹ̀ kí Mọ́mì, ó gbé ọsàn wá. Mọ́mì wò ó títí. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "bá mi sọ òótọ́. Ṣé ọmọ mi lo fẹ́ràn ni, àbí ìdí mi?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò padà wá. Mi ò dá a lẹ́bi rárá, òun nìkan ló járe nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

A gba obìnrin méjì síṣẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Èkíní lo ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ní òun ń lọ ra káàdì fóònù nísàlẹ̀, ìyẹn náà nìyẹn. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Mọ́mì wà nínú ìgbẹ́ ara wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú bàsíà lọ́wọ́ mi.

"Má wọlé."

"Mọ́mì, omi ń tutù."

"Mo ní má wọlé! Ọmọkùnrin kì í rí ìhòòhò ìyá rẹ̀. Bó bá rí i, kò ní kúrò lójú rẹ̀ mọ́ láé."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Omi tutù, mo lọ gbé e kaná, mo gbé e padà wá. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún, ohun tí mi ò gbọ́ rí láyé mi, kódà nígbà tí bàbá wa kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, ohùn tíṣà ni wọ́n fi pè mí: "Mú ìborùn mi tó wà lórí àga. Fi di ojú rẹ. Dì í kó le, mi ò bá ẹ ṣeré."

Bí òfin wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá di ojú lẹ́nu ọ̀nà, màá fẹsẹ̀ wá bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kan ara wọn ní ìsàlẹ̀ ìdodo, kànìnkàn gbọdọ̀ wà láàárín. Tówẹ̀lì tí mo bá fi nù wọ́n, inú bákẹ́ẹ̀tì omi oògùn apakòkòrò ló ń lọ tààrà. Ìgbà tí wọ́n bá ti fa ìró bo ara ni mo tó lè tú ojú. Wọ́n á máa júwe fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà: "Lọ sókè díẹ̀. Ọ̀tún. Ibẹ̀ yẹn. Ó tó." Láàárín rẹ̀, wọ́n á béèrè:

"Ọkọ mi, ojú rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú òkùnkùn, Mà."

"Ó dáa. Kó jókòó síbẹ̀."

A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé mo ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ibi tí ara wọn bá ti mọ nǹkan nìkan ni wọ́n lè júwe. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ìméfò ni wọ́n ń sọ, ìméfò ni mo sì ń ṣe. Ojú mi kò rí i, ara wọn kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó mọ bí ẹ̀yìn ìyá mi ṣe rí.

Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa a máa pè mí ní Ìyàwó Mọ́mì. Bí mo bá ń sá ìró, á gbójú sókè: "Ìyàwó Mọ́mì, ẹ ti fọṣọ jù o! Ṣé ọkọ yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ni?" Màá ní, "Ọkọ mi ń bínú, ẹ má dá mi dúró." Mo fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀wẹ̀, wọ́n pè mí síwájú ìjọ, wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́ fún ọmọkùnrin tó ń wẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Inú mi dùn. Nígbà tí a jáde, ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Nígbà tí ìyá bàbá wa ò lè dìde mọ́, ta ló ń wẹ̀ fún wọn?"

"Àǹtí mi, mo ṣì kéré nígbà yẹn."

"Èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Màá wẹ̀ fún wọn kí n tó lọ sí sùkúù, màá wẹ̀ fún wọn tí mo bá dé. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi? Wọ́n ní mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìyàwó ilé."

Mo ṣì ń bínú sí ẹ̀gbọ́n mi títí dòní, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti mọ ohun tí ó yẹ kí n mọ̀.

Oṣù kẹrin tí a ti dé láti ọsibítù ni òórùn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìkòsì mọ òórùn tòmátì. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ọkọ̀ láti Òkè Ọya bá ń tú ẹrù ní ọjà Mile 12, èyí tó bá bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀ á di ti gọ́tà, afẹ́fẹ́ á sì gbé e wọlé bá wa. "Àwọn onítòmátì ti dé," Mọ́mì ní. Mo ti fèrèsé. Òórùn náà le sí i. Mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó tún le sí i. Omi tó wà nínú bákẹ́ẹ̀tì tówẹ̀lì ń pọ́n, mo rò pé ìgbẹ́ ni.

Mo kàwé ní yunifásítì, mo mọ bí wọ́n ti ń kọ ẹ̀sùn. Mo kọ ojú ewé méjì sí káńsù. Mo to ọjọ́ tí òórùn náà wá, bó ṣe le tó, àti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Mo kà á fún Mọ́mì, wọ́n sì bá mi ṣe àtúnṣe. "Yọ 'burúkú burúkú' yẹn kúrò. Burúkú kan ti tó." Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Nínú ìpínrọ̀ kẹta, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mo ní òórùn náà máa ń le jù lójoojúmọ́ láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá òwúrọ̀.

Aago mẹ́wàá ni mo máa ń wẹ̀ fún wọn.

Bí mo ṣe sọ pé màá dé ibi ẹ̀bi tèmi, ibẹ̀ nìyẹn. Mo wo aago, mo wo afẹ́fẹ́, mo fi ẹ̀sùn kan gbogbo ọjà, mi ò wo ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, káńsù rán ènìyàn wá. Wolé-wolé là ń pè wọ́n nígbà tí a wà lọ́mọdé. Obìnrin ni, àgbàlagbà, aṣọ kákí lọ́rùn, ìwé mi lọ́wọ́. Ó wo gọ́tà. Gọ́tà gbẹ, wọ́n ti kó o lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Ó gun òkè tọ̀ mí wá, ó dúró láàárín páálọ̀, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì.

"Bùrọ̀dá, kì í ṣe gọ́tà."

"Ẹ ní kí ni?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbóòórùn ìdọ̀tí. Tòmátì tó bàjẹ́, kíkan ló ń kan. Èyí ò kan. Ta ló dùbúlẹ̀ nílé yìí?"

"Ìyá mi ni."

"Ta ló ń wẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni, Mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì súre fún mi. Ó ní, "Ó dáa. Báwo lẹ̀yìn wọn ṣe rí?"

"N kì í wò ó, Mà."

Ó wo ìborùn tó wà lọ́rùn mi. "Òun ni mo fi ń di ojú," mo ní. Ó ti yé e.

A wọlé tọ Mọ́mì. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní kí wọ́n jẹ́ ká yí wọn díẹ̀. Mọ́mì ń wo ojú mi. "Ọkọ mi, ojú rẹ ńkọ́?"

Mo mú ìborùn náà. Obìnrin yẹn di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jẹ́ kó wò ó, Mà. Òun ló yẹ kó rí i."

Mọ́mì fi apá bo ojú tiwọn.

Ihò kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn, lókè ìdí. Ọwọ́ mi á wọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ tutù, mo sì rí ohun funfun kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ pè ní ọṣẹ. Eegun ni. Ibẹ̀ gan-an ni kànìnkàn mi ti ń kọjá láràárọ̀. Mo rántí pé ibẹ̀ máa ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo máa ń rọra tẹ̀ ẹ́, kó lè mọ́ dáadáa.

"Kí ló wà ńbẹ̀?" Mọ́mì béèrè lábẹ́ apá wọn.

"Egbò díẹ̀ ni, Mà."

"Díẹ̀ báwo?"

Mo fa ìró bò wọ́n, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ wá ọkọ̀.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè bóyá a kì í yí wọn. Ó yẹ fáìlì wò, ó ní àwọn ti ṣàlàyé fún Àǹtí lọ́jọ́ tí a ń lọ. Mo dúró de ẹ̀gbọ́n mi ní kọ́rídọ̀. Wọn ò jiyàn.

"Wọ́n ní kí a máa yí wọn ní wákàtí méjì-méjì. Wọ́n ní kí a máa wo ẹ̀yìn wọn lójoojúmọ́, tí ó bá ti ń pọ́n, ká tètè gbé wọn wá."

"Ẹ ò sọ fún mi, Àǹtí mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹ pé kó o máa wo ìdí Mọ́mì? Ọkùnrin ni ẹ́. Mo rò pé obìnrin kan á wà ńbẹ̀."

Obìnrin kan. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Òun ni nọ́ọ̀sì ń wá, òun ni àbúrò mi fẹ́ kí n fẹ́, òun ni Mọ́mì ń sunkún dè nígbà tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa la fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ dè é. Bí ẹ bá bi mí bóyá ìyá mi ń yọ sí mi nínú ilé yẹn, màá ní rárá, ohùn wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Obìnrin yẹn ni mo máa ń rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé omi lọ́wọ́, kò lójú, kò wọlé.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní ọsibítù. Ìdọ̀tí egbò náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mọ́mì kú ní ìyálẹ̀ta, èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú.

Àwọn ìyá ìjọ wá wẹ òkú wọn nínú yàrá kan lẹ́yìn ọsibítù. Àwọn márùn-ún ni. Mo kà wọ́n, nítorí pé nígbà tí Mọ́mì wà láàyè, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé kànìnkàn rí. "Bùrọ̀dá, ẹ dúró níta," wọ́n ní. "Ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn wọlé. Mo dúró níta, ìborùn wà lápò mi. Mo gbọ́ omi. Ni ọ̀kan nínú wọn bá kígbe: "Jésù! Ẹ má yí wọn, ẹ má wo ibẹ̀ yẹn! Ẹ kàn da omi sí i."

Mo ṣí ilẹ̀kùn.

"Áà! Bùrọ̀dá! Ìyá yín ni o!" Wọ́n ń fa aṣọ bo Mọ́mì.

"Mo mọ̀ pé ìyá mi ni. Ẹ fún mi ní kànìnkàn."

Kò sẹ́ni tó mira nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká Mọ́mì bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́, wọ́n yí Mọ́mì sọ́dọ̀ ara wọn. Mo bu omi. Mo fọ ibẹ̀ láti etí wọ inú, láìyára, ojú mi là sílẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mò ń retí kí Mọ́mì bi mí nípa ojú mi, nítorí ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ní èsì tó dáa.

Wọn ò bi mí. Lọ́jọ́ kejì, nínú balùwẹ̀, tí mo bu omi àkọ́kọ́ sórí tí mo sì di ojú, ni ohùn wọn bẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ mi, ojú rẹ ńkọ́?"

"Ó là, Mà."

Wọ́n a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n a tún béèrè.